Ìdodo Mi Ní Ìbéèrè

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná. Àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, ojúmọmọ àná ni mo lá a, lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, níṣojú gbogbo ènìyàn. Ẹnu mi là sílẹ̀ gbayawu, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó mi ṣe wí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ ó rẹ́rìn-ín tó bá yá.

Gbogbo yín tí ẹ wà nínú ọgbà mẹkáníìkì yìí lẹ mọ̀ mí. Làmídì Katapílà ni wọ́n ń pè mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ sì mọ ìdodo mi. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ló ti ń yọ, ó wá tó àgbálùmọ̀ báyìí, bí mo bá sì húkọ́, á yọjú wo ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Dókítà Ìyúnadé ló yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọbìnrin kan tí kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ó ní ihò kan ló wà lábẹ́ ìdodo náà tí ìfun ń gbà yọ síta, pé iṣẹ́ abẹ ló kù, pé òun fẹ́ fi ẹ̀rọ róbọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ṣe é. Ó ṣàlàyé títí. Ó wá ní, "Bàbá, ṣé ẹ ní ìbéèrè?"

Mo ní, "Rárá o, dókítà. Ẹ ṣé gan-an. Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín ní ọgbọ́n."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Tí o bá ń da ìbéèrè bo dókítà, ó dà bí ẹni pé o ò fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n bí a ṣe jáde báyìí, Ìyá Sìdí ìyàwó mi bi mí pé, "Ṣé ẹ̀rọ yẹn ló máa dá gé yín ni, àbí ẹnìkan á wà níbẹ̀?" Mi ò mọ̀. Mo ní kó má da ọkàn mi láàmú, bẹ́ẹ̀ ọkàn mi ti dàrú. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Kí wọ́n kun ènìyàn lóorun, kí wọ́n tilẹ̀kùn, kó wá ku èmi àti irin nínú yàrá kan. Àná ni wọ́n ní kí n padà wá sọ bóyá mo gbà tàbí mi ò gbà. Níbi tí a ti ń dúró de dókítà ni oorun ti gbé mi lọ.

Bẹ́ǹṣì yẹn ló kọ́kọ́ dìde. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, èmi lórí rẹ̀. Mo dì í mú. Nígbà tí a dé ìta, mo rí i pé ilé ìwòsàn kò sí nílẹ̀ mọ́. Ó ti gòkè, ó ń fì lójú ọ̀run, okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò kó má baà lọ. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa wọlé fún àwọn aláìsàn. Bẹ́ǹṣì náà gun okùn bí ọ̀bọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kí n bọ́ bàtà mi, kí ìkùukùu má baà dọ̀tí. Mo bọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi ti ṣí. Ìdodo mi yọrí síta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì húkọ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹbí. Ó dé fìlà. Fìlà mi tó sọnù lọ́jọ́ iléyá ni, mo dá a mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀.

"Bàbá Sìdí," ó ní, "níbo là ń lọ?"

"Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wa."

"Fún wa kẹ̀? Ta ni wọ́n fẹ́ gé?"

"Ìwọ."

"Ta ló bi mí bóyá mo gbà?"

Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀, pé inú ilé ìwòsàn la wà. Ó ní òun ò ní rọra sọ nǹkan kan. Ó ní wọ́n ti gé òun lẹ́ẹ̀kan rí, lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, pé lọ́jọ́ náà kò sẹ́ni tó bi òun léèrè, òun sì ti dákẹ́ láti ìgbà yẹn. Òun ò tún ní dákẹ́ mọ́.

Wọ́n darí wa sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àlàyé. Ọ́fíìsì náà ń rìn kiri nínú ilé ìwòsàn, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á sáré tẹ̀lé e. A sáré. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó so táì pupa, ló jókòó sẹ́yìn tábìlì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ìdodo mi sì ń ráhùn nísàlẹ̀ pé mo ti tẹ òun pa.

"Ẹ̀rọ wa dára," ni Ọ̀gá Àlàyé wí.

"Ẹ ṣé, sà."

"Ó dára gan-an ni."

"Ọlọ́run á bùkún yín, sà."

Ìdodo mi ní, "Ta ló máa wà á?"

Ọ̀gá Àlàyé gbójú sókè wo àjà. Etí rẹ̀ méjèèjì gùn, wọ́n sì rọ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀rọ ìgbàlódé ni," ó ní.

"Mo ní ta ló máa wà á. Ṣé ẹni náà ti ṣe é rí, àbí ara mi ló fẹ́ fi kọ́ṣẹ́?"

Irùngbọ̀n yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. "Ọwọ́ mẹ́rin ló ní."

"Tó bá wá dúró sí agbede méjì ńkọ́?"

Ìwo yọ lórí rẹ̀, ọ̀kan ṣáájú ìkejì. Ojú tì mí. Mo fi ọwọ́ bo ìdodo mi, mo ní, "Ẹ má bínú, sà, kò lẹ́kọ̀ọ́." Títí tí ọwọ́ ọkùnrin náà fi di pátákò, sà ni mò ń pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ táì rẹ̀, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé àkókò oúnjẹ ọ̀sán ti lè tó.

Ìgbà tó di òbúkọ tán ni mo wá dá a mọ̀. Ṣé ẹ rántí ọ̀nà tí a là wọ Òkè-Ìgbín? Èmi ni mo wa katapílà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́jọ́ tí a la ibẹ̀ já, gbogbo ìlú tú jáde, wọ́n ń wí pé, "Katapílà, o ṣeun o, o mọṣẹ́." Wọ́n mú òbúkọ dúdú kan tí iwájú orí rẹ̀ funfun, wọ́n so ó mọ́ ẹnu katapílà, pé kó fi jẹun. Èmi wà lókè nínú rẹ̀, eruku bò mí, mò ń juwọ́ sí wọn. Kò sí ẹnìkan ṣoṣo tó wòkè. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa ló pa òbúkọ náà jẹ. Ó dùn mí lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń dùn mí.

Òun náà nìyí, funfun iwájú orí rẹ̀ ò kúrò. Mo kí i pé ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ó fò kọjá tábìlì, ó sì gba ìta lọ, níbi okùn tó so ilé ìwòsàn mọ́lẹ̀.

A rìn síwájú, a bá ìrọ̀rí kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé awò sójú. Ó ní òun ni òun ń kun ènìyàn lóorun níbí. Ó bi mí pé kí ni mo jẹ láàárọ̀. Mo ní mi ò jẹ nǹkan kan.

"Irọ́ ni," ìdodo mi ní. "Ó jẹ ẹ̀kọ, ó jẹ àkàrà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ yíjú, ó tún jẹ àkàrà sí i."

"Òògùn ńkọ́?" ni ìrọ̀rí bi mí.

"Mi ò lo òògùn, mà."

"Ó ń mu àgbo láràárọ̀," ìdodo mi ní. "Ó tọ́jú ìgò rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀."

Ìrọ̀rí yọ awò rẹ̀. Ó ní òun kì í bá ènìyàn jà, pé ìrọ̀rí ni òun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹun tó wá sọ pé òun ò jẹun, oúnjẹ yẹn lè gba ọ̀fun padà bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lójú oorun. Ó ní àgbo mìíràn sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá. Mo ní mo ti gbọ́, mà. Mo wo ìdodo mi láìdáa, òun náà sì wò mí.

Yàrá iṣẹ́ abẹ ni ilẹ̀kùn tó kàn. Ilẹ̀ pupa ló wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha, èyí tí mo mọ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ náà dúró láàárín, ó ga, ọwọ́ mẹ́rin gígùn ló ní, wọ́n sì fi ọ̀rá wé ọwọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní kọ̀rọ̀ kan, ọmọbìnrin kan jókòó, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ti ojú bọ inú àpótí. Mo rò pé tẹlifíṣọ̀n ló ń wò. Mo ní, "Ọmọ mi, tí o bá ráyè, bá mi wá omi tútù." Kò yíjú.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀rọ náà. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ọwọ́ púpọ̀. Ará ilé ńkọ́?"

Bí mo ṣe wà nílẹ̀ ni nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn pé nínú ọwọ́ mẹ́rin yẹn, ó kéré tán, méjì á jẹ́ òsì. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ tó bá fi òsì na omi sí mi nínú ilé, mi ò ní gbà á. Kí wọ́n wá fi òsì wọ inú ikùn mi? Mo bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé èwo ni ọ̀tún nínú wọn. Àwọn ọwọ́ náà wo ara wọn. Ọ̀kan nàka sí ìkejì, ìkejì nàka sí ìkẹta, ìkẹta káwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá," ẹ̀rọ náà ní, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ ń dójú tì mí."

"Kí la ṣe, sà?"

"Ẹ yéé pè mí ní sà. Mi ò mọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá fi mí sílẹ̀ níbí lọ jẹun, mi ò lè lé eṣinṣin. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, wọ́n ń gbé iṣu wá fún mi. Mi ò ní ẹnu." Ó fi ọ̀kan nínú ọwọ́ rẹ̀ júwe kọ̀rọ̀ yẹn. "Ẹni tí ẹ ní kó wá omi yẹn ni kí ẹ kí."

Ọmọbìnrin náà yọ ojú kúrò nínú àpótí. Dókítà Ìyúnadé ni. Mo wo ìka rẹ̀ tó fi di nǹkan méjì mú, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bíréèkì, ara mi sì ṣe bákan. Àga katapílà ló jókòó sí. Ó gbọ́wọ́ sókè, ọwọ́ ẹ̀rọ gòkè. Ó họ imú rẹ̀, ọwọ́ ẹ̀rọ họ imú mi. Ó họ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì bọ́ sí i, torí ó ti ń yún mi láti àárọ̀.

Ìdodo mi ṣí fìlà. "Ìwọ lo máa ṣe é?"

"Èmi ni. Tí mi ò bá mira, kò ní mira."

"Ṣé o ti ṣe é rí?"

"Mo ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè yẹn kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa bi mí."

"Kí ló dé tí o ò kàn fi ọwọ́ rẹ ṣe é?"

"Mo lè fi ọwọ́ ṣe é. Ọwọ́ náà ni mo fi ń ṣe ti àwọn mìíràn, wọ́n sì ń gbádùn. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ihò tiyín ti fẹ̀, bàbá sì sanra díẹ̀. Tí mo bá fi ẹ̀rọ gba ojú ihò kéékèèké wọlé, ọgbẹ́ yín ò ní tóbi."

Ìdodo mi yíjú sí mi. "Ó ní o sanra."

"Mo gbọ́," mo ní.

"Tí iná bá lọ ńkọ́?" Ìyẹn gan-an ni mo ti fẹ́ béèrè láti ọjọ́ yìí.

"Jẹnẹrétọ̀ wà, bátìrì sì wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á dúró tì yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹ̀rọ bá kọ̀ pátápátá, tàbí tí mo bá débẹ̀ tí mo rí ohun tí mi ò retí, màá dìde lórí àga yìí, màá fọ ọwọ́ mi, màá la ikùn yín bí a ṣe ń là á láyé àtijọ́, màá sì parí rẹ̀. Kí ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó sùn. Mi ò fẹ́ kí ẹ jí, kí ẹ rí ọgbẹ́ gígùn, kí ẹ wá ní mo tàn yín."

"Ẹ gbọ́?" ni ẹ̀rọ wí. "Mo ní mi ò mọ nǹkan kan."

"Ṣé kò ní dùn wá?" ìdodo mi ní. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Á dùn yín. Iṣẹ́ abẹ ni. Ó lè ṣẹ̀jẹ̀, ó lè kẹ̀, ìdodo sì lè padà yọ lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò léwu rárá, ẹ wo etí rẹ̀ dáadáa. A ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn yín kí n lè ríran níbẹ̀. Èyí tó bá kù nínú rẹ̀ lè máa dùn yín ní èjìká fún ìgbà díẹ̀."

Kí n tó sọ pé ẹ ṣé, fọganáísà kan ti wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà. Ó ki ẹnu rọ́bà bọ ìdodo mi, ìdodo mi sì bú sẹ́rìn-ín pé ó ń rin òun. Ikùn mi wú, mo gbéra nílẹ̀, mo lọ gúnlẹ̀ sí àjà. Mo bá àwọn aláìsàn yòókù níbẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn lé àjà, wọ́n ń béèrè ará ilé lọ́wọ́ ara wọn. Ìgbà náà ni mo wá mọ ohun tó gbé ilé ìwòsàn náà sókè. Àwa ni.

Lójú fèrèsé ni mo ti rí òbúkọ. Ó ti jẹ okùn yẹn tán, ó ń fọ eyín. Ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. A kọjá lórí ọjà, a kọjá lórí odò, a dé orí ọ̀nà kan tó pupa, tó tọ́, mo sì mọ gbogbo kọ́nà rẹ̀. Òkè-Ìgbín ni. Gbogbo ìlú ti tú jáde sójú títì tí mo là fún wọn, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń juwọ́. Wọ́n ń wí pé, "Róbọ́ọ̀tì, o ṣeun o, o mọṣẹ́."

Dókítà Ìyúnadé ti dìde lórí àga, ó dúró lójú fèrèsé, eruku pupa bo fìlà iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń juwọ́ sí wọn. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé ó yẹ kí n máa bẹ̀rù. Mo ki orí mi jáde, ìdodo mi ki orí tirẹ̀ jáde, a jọ pariwo sí ìsàlẹ̀ pé, "Ènìyàn wà níbẹ̀ o."

Ariwo yẹn ló jí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn mi. Inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì wa ló ti ń wá. Obìnrin kan ló ń kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà, ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì ń dáhùn pé, "Ènìyàn wà níbẹ̀ o. Ẹ ní sùúrù." Ìyá Sìdí ń bá mi de bọ́tìnnì tó ti ṣí lójú ìdodo mi. Ó ní, "Ẹ bo ara yín, dókítà ń bọ̀."

Dókítà Ìyúnadé dé, kò sí eruku lórí rẹ̀. Ó kí wa. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti rò ó? Ṣé ẹ ní ìbéèrè?"

Ẹnu mi ti là láti sọ pé rárá o, ẹ ṣé gan-an. Mo gbọ́wọ́ lé ikùn mi. Mo tú bọ́tìnnì tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dè. Mo ní, "Dókítà, ìdodo mi ní ìbéèrè."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó. Mo bi í pé ta ló máa wa ẹ̀rọ náà, ó ní òun ni. Mo bi í bóyá ó ti ṣe é rí. Mo bi í nípa iná. Mo jẹ́wọ́ àgbo, Ìyá Sìdí sì wò mí títí ojú fi tì mí. Ìdáhùn dókítà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú àlá, àfi pé kò ní mo sanra, ó ní ara mi tóbi díẹ̀. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ló ti sọ lọ́jọ́ kìíní. Etí mi gbọ́ ọ, ẹnu mi ló ń sáré dúpẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, mo ní mo gbà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fi sí.

A dìde láti máa lọ. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Mo ní, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, mi ò tíì ṣe é."

"Mo mọ̀," mo ní. "Mo fẹ́ ti kí yín sílẹ̀ ni. Tí ìdodo yìí bá fi lè wọlé, ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo ìlú máa kí."